Humble: Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Tí Mo Gbé Dé Adó

Nígbà tí mo fẹ́ kúrò ní Sàró, òyìnbó tó ń bójú tó àwọn ilé ìwé ìjọ bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní òun ti kọ̀wé ṣáájú mi lọ sí ilẹ̀ Èkìtì pé ẹni tó jẹ́ humble ni mí. Ó rò pé òun yìn mí. Mo dúpẹ́, mo sì rẹ́rìn-ín músẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gún mi lára. Ẹni tó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa mọ̀ pé ó ní ju ìtumọ̀ kan lọ. Wọ́n lè sọ ọ́ nípa ènìyàn tí kì í gbéraga, ìyẹn sì dára. Wọ́n tún lè sọ ọ́ nípa ẹni tí ìdílé rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan, tàbí nípa ilé játijàti tí èèyàn ń tọrọ àforíjì kó tó mú àlejò wọ̀ ọ́. Òun náà la sì fi ń parí lẹ́tà sí ìjọba: èmi, ìránṣẹ́ yín tó jẹ́ humble. Mo mọ akọ̀wé kan tó fi í parí lẹ́tà tó fi bú ọ̀gá rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Bàbá ìyàwó mi, oníṣòwò aṣọ tí kì í bọ́ fìlà òyìnbó rẹ̀ àfi nínú ṣọ́ọ̀ṣì, gbọ́ ọ, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wọ́n ń rán ọ lọ sínú igbó, wọ́n wá ń fi ọ̀rọ̀ dídùn tù ọ́ nínú." Ó ní kí n máa lọ, ṣùgbọ́n Abígẹ́lì ìyàwó mi, àti Ẹ́sítà ọmọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tàgétàgé, kò ní wọ ọkọ̀ ojú omi títí n ó fi ní ilé tèmi. Kì í ṣe yàrá nínú ilé onílé o. Bí òjò ọdún kejì bá bẹ̀rẹ̀ tí n kò tíì ní ilé, kí n yáa padà wá. Ara mi ti wà lọ́nà nígbà náà, kò sí ohun tí n kò ní gbà. Mo ní ó dára.

*

Ìyá ìyá mi ni wọ́n kó lẹ́rú ní ilẹ̀ Yorùbá nígbà ogun. Ọkọ̀ ìjọba gbà á sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí Sàró, níbi tó ti bí ìyá mi. Ìyá àgbà mi yìí ló kọ́ mi ní Yorùbá nídìí ààrò. Nítorí náà mo rò pé kì í ṣe òkèèrè ni mò ń lọ, mo rò pé mò ń padà sílé ni.

Ìkíni àkọ́kọ́ tí mo kí àwọn ará Adó ló là mí lójú. Ẹ̀rín pa wọ́n. Wọ́n ní mò ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé bàbá àgbà wọn ló jí dìde tó wọ kóótù. Tiwọn náà kò yé mi. Ilé di ulé lẹ́nu wọn, iṣu di uṣu, iṣẹ́ di uṣẹ́. Ohun tó tún dùn mí ni pé kò sí ẹni tó fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀. Ní Èkó tí mo gbà kọjá, gbogbo èèyàn ló ń pè mí ní "ẹ̀yin" láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ní Adó, ìyá kan tó ń ta epo wò mí lójú, ó ní, "Kí lùwọ ń wá?" Èmi tí mo de táì! Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe ń bá bàbá tó bí wọn sọ̀rọ̀, kò sì sí ìwọ̀sí kankan nínú rẹ̀.

Bàbá Ajíbádé ló gbà mí sílé ní àdúgbò Òkè-Ìlá. Àgbẹ̀ ni, ó sì tún jẹ́ àgbà ìjọ, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Yàrá tó fún mi mọ́ tónítóní. Síbẹ̀, bí mo bá jí láàárọ̀, mo máa ń tẹ́tí sílẹ̀ fún òkun, n kò sì ní gbọ́ nǹkan kan ju odó tí wọ́n ń gún lọ. Ọyẹ́ ilẹ̀ náà le. Òkè àti àpáta yí wa ká níbi gbogbo, bí mo bá fẹ́ rí ibi tó jìnnà, àfi kí n gòkè. Mo jẹ iyán títí mo fi ń lálàá ìrẹsì. Ìkíni wọn wá ń kó mi láàyà jẹ. Mo jókòó, wọ́n kí mi kú ìjókòó. Mo dìde, wọ́n kí mi kú ìdúró. Mo ń ro ilé nídìí fèrèsé, Ìyá Àdùkẹ́, ìyàwó Bàbá Ajíbádé, kọjá, ó ní kí n kú àròjinlẹ̀. Mo fẹ́ sunkún, ni mo bá rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ mi ni kí n kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì òkè ní Gẹ̀ẹ́sì, kí n sì kọ́ àwọn bíi mélòó kan tó fẹ́ di tíṣà ní Látìn díẹ̀. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n rẹ́rìn-ín sí àwàdà mi, tí kì í ṣe sí ohùn mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó délé. Gbogbo ìlú ń pè mí ní Tíṣà. Wọ́n bọ̀wọ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ yàtọ̀ sí kí èèyàn ní ẹni tí yóò jókòó tì í láìnídìí, ìyẹn kò sì sí.

Lẹ́tà Abígẹ́lì máa ń pẹ́ lọ́nà. Nígbà tí èyí tó sọ pé Ẹ́sítà ń sunwọ̀n sí i bá fi dé, mi ò tíì gbọ́ pé ara rẹ̀ kò yá. Ìbéèrè kan náà ló máa ń wà nísàlẹ̀ rẹ̀: ilé ńkọ́?

*

Àwọn àgbà ìjọ fún mi ní ilẹ̀ lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ìlú yóò fi ọ̀wẹ̀ bá mi mọ ilé. Ọ̀wẹ̀ kò ṣàjèjì sí mi pátápátá, ìyá àgbà mi ti ròyìn rẹ̀ rí: gbogbo ènìyàn á pawọ́ pọ̀ ṣiṣẹ́ ẹnì kan láìgba owó, ẹni náà á sì bọ́ wọn. Mo bẹ Ìyá Àdùkẹ́ pé kó bá mi se oúnjẹ. Mo ra ẹmu. Nígbà tí Sátidé pé, mo wọ aṣọ funfun mi, mo fọ bàtà mi títí ó fi ń dán, mo ṣí agbòòrùn, mo sì lọ dúró síbi iṣẹ́ mi.

Wọ́n wá lóòótọ́, wọ́n pọ̀. Àwọn ọkùnrin gbẹ́ kòtò ńlá, wọ́n kó amọ̀ pupa sínú rẹ̀. Àwọn obìnrin pọn omi dà á sí i títí amọ̀ fi rin. Ohun tó kù ni kí wọ́n wọ inú rẹ̀, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi fà, kí wọ́n tó máa fi ọwọ́ bù ú mọ ògiri. Mo dúró. Àwọn náà dúró. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ ni wọ́n ń retí, ni mo bá sọ̀rọ̀ ìdúpẹ́, mo sọ ọ́ gùn. Wọ́n dá mi lóhùn pé àmín. Wọ́n jókòó sábẹ́ igi ọsàn, wọ́n ń bá ara wọn tàkúrọ̀sọ. Lẹ́yìn náà, wọ́n jẹ iyán díẹ̀, wọ́n mu ẹmu díẹ̀, wọ́n kí mi kú ìnáwó, wọ́n sì lọ sílé. Amọ̀ wà nínú kòtò bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀.

Ní Sátidé kejì, bákan náà ló rí. Wọ́n tún da omi sí amọ̀ tó ti gbẹ, wọ́n tún jókòó. Ọkùnrin kan bi mí pé, "Tíṣà, ṣé àlàáfíà ni?" Mo ní àlàáfíà ni. Ó mi orí, ó sì padà síbi ìjókòó rẹ̀. Ní Sátidé kẹta, àwọn tó wá kò tó nǹkan. Ọyẹ́ ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, òòrùn sì ti ń mú. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé Adó mọ̀ pé bí òòrùn bá mú báyìí, òjò kò jìnnà mọ́, òjò tó bá sì bá ògiri tútù nílẹ̀ yóò wó o palẹ̀.

Mo bá ara mi sọ òótọ́. Mo ní àwọn èèyàn wọ̀nyí kò fẹ́ mi. Wọ́n níwà, wọn kò lè sọ ọ́ sí mi lójú, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń wá jókòó tí wọ́n ń lọ. Mo wo gbogbo "Tíṣà, kú uṣẹ́ o" tí wọ́n ti kí mi, ó di kíkorò lẹ́nu mi. Mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà sí Abígẹ́lì pé kó má di ẹrù mọ́, pé èmi ni yóò padà. N kò rí i parí.

*

Nínú ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni humble yọjú nínú ìwé tí a ń kà ní kíláàsì. Ọ̀kan nínú àwọn tó fẹ́ di tíṣà ní kí n ṣàlàyé rẹ̀. Inú ń bí mi, mo sì sọ gbogbo ohun tí mo mọ̀. Mo ní ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ yìí tàn yín jẹ. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Róòmù ló ti wá. Humilis ni wọ́n ń pè é, inú humus ló sì ti jáde, èyí tó túmọ̀ sí ilẹ̀, erùpẹ̀ tí a ń tẹ̀. Ohun tó bá sún mọ́ ilẹ̀ ni humilis: igi tí kò ga, ilé tí kò ga, ènìyàn tí kò ga. Nínú ẹnu wọn, èébú ni. Ìgbà tí ìgbàgbọ́ Kírísítì dé ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn oníwàásù gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò nílẹ̀, wọ́n nù ún, wọ́n sì sọ ọ́ di ìwà rere. Àmọ́ àwọn ọlọ́lá kò gbàgbé bó ṣe rí tẹ́lẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nípa èmi àti ẹ̀yin.

Ẹni tó béèrè náà wá ní, "Tíṣà, ilẹ̀ wà nínú tiwa náà. Ìrẹ̀lẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èébú níbí."

Mo ní kó jókòó. Ó jókòó, mo sì yí ojú sí pátákó.

*

Bàbá Ajíbádé rí i pé mo ń rù. Ó ní kí n tẹ̀lé òun lọ sí Ìyìn, àna òun fẹ́ mọ ilé. N kò fẹ́ rí ilé ẹnikẹ́ni tí wọ́n ń mọ, ṣùgbọ́n n kò lè kọ̀ fún un. Ẹsẹ̀ la fi rìn ín, òun níwájú, èmi lẹ́yìn.

Nígbà tí a dé ibẹ̀, ohun gbogbo rí bíi tèmi: kòtò, amọ̀, omi, èrò tó dúró. Àna náà jáde síta. Ó ti dàgbà, irun rẹ̀ funfun báláú, ó sì jẹ́ olóyè, nítorí wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún un bó ṣe ń kọjá. Ó bọ́ agbádá rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún. Wọ́n dì í mú lọ́wọ́ kó má yọ̀, ó sì sọ̀kalẹ̀ sínú amọ̀, ó tẹ̀ ẹ́ lọ, ó tẹ̀ ẹ́ bọ̀. Ariwo sọ. Gbogbo àwọn ọkùnrin tó dúró bẹ́ sínú kòtò lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú orin, amọ̀ sì ń ta sí gbogbo wọn lójú. Kí oúnjẹ tó délẹ̀, ògiri ti ga dé orúnkún.

Mo fa Bàbá Ajíbádé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bàbá, kí ló dé tí wọ́n fi bàbá arúgbó ṣáájú?"

"Àbí ulé ta ni?" ló wí.

"Ilé rẹ̀ ni."

"Ó parí. Ta ni yóò tẹ amọ̀ ulé onílé kí onílé tó tẹ̀ ẹ́? Ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ló ni ulé. Bí èmi bá wọ inú amọ̀ rẹ ṣáájú rẹ, mo ti gba ulé lọ́wọ́ rẹ lójú gbogbo èèyàn nìyẹn. Olè ni mo jẹ́."

"Nítorí náà ni ẹ ṣe jókòó?"

"A ń retí rẹ ni."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo béèrè ohun tí ojú ń tì í láti dáhùn. "Tíṣà, ta ni yóò sọ fún àlejò pé kó bọ́ bàtà, kó wọ inú ẹrẹ̀? A rò pé ùwọ mọ̀. Ẹni tó bá tẹ amọ̀ níbì kan ti sọ pé ibẹ̀ ni òun ó gbé, ibẹ̀ ni wọn ó sin ín sí. A rò pé ùwọ kò tíì pinnu ni. A ò fẹ́ fi ipá mú ọ. Àwọn kan ti ń wí pé ulé rẹ ní Sàró dùn ju tiwa lọ, pé ṣe lo ń fi ọgbọ́n sọ fún wa pé o ò ní í pẹ́ lọ. Ó dun Ìyá Àdùkẹ́ nílé gan-an."

Mo jókòó sórí àpáta kan. Èmi ń sọ pé wọn kò fẹ́ mi, àwọn ń sọ pé n kò fẹ́ wọn.

*

N óò purọ́ bí mo bá ní mo sáré padà lọ bọ́ bàtà mi. Ọ̀rọ̀ tí Bàbá Ajíbádé sọ gbẹ̀yìn ń dà mí láàmú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ilé ni mo fẹ́. Ta ló bá mi sọ̀rọ̀ ibojì? Bàbá mi wà ní itẹ́ òkú ní Sàró, ìyá àgbà mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì ti mọ àyè tó kù nítòsí wọn. Àlejò a máa gbádùn ohun kan: ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣì wà níta. Bí nǹkan bá burú, ó ní ibòmíràn. Ní ilé ìwé, ní ṣọ́ọ̀ṣì, nídìí oúnjẹ, mo ti ń fi ìdajì ara mi gbé Adó, mo sì ń bínú pé ìdajì ni Adó fi ń gbà mí.

Mo tún rántí ìyá àgbà mi. Kò rántí orúkọ ìlú tí wọ́n ti kó o. Ohun kan ṣoṣo tó rántí ni pé àpáta wà lẹ́yìn ilé wọn, òun sì máa ń sá ẹ̀gẹ́ sí orí rẹ̀. Àpáta pọ̀ ní Èkìtì. N kò ní mọ ọ̀kan tó jẹ́ tirẹ̀ láéláé. Ó dùn mí gidigidi, ó sì tún tù mí nínú díẹ̀, nítorí kò sí èyí tí mo lè sọ pé kì í ṣe òun.

Òwúrọ̀ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ìkùukùu ti ń ṣú lápá ìlà-oòrùn. N kò ra ẹmu, n kò ránṣẹ́ pe ẹnikẹ́ni. Mo lọ da omi sí amọ̀ fúnra mi. Mo bọ́ bàtà mi, mo fi ìbọ̀sẹ̀ sínú rẹ̀, mo tò ó sábẹ́ igi ọsàn, mo ká ṣòkòtò mi, mo sì sọ̀kalẹ̀.

Ó tutù ju bí mo ṣe rò lọ. Ó gba ẹsẹ̀ mi dé kókósẹ̀, kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀. Mo gbìyànjú láti rìn bí olóyè Ìyìn ṣe rìn, mo yọ̀, mo fi ìdí jókòó sínú rẹ̀. Mo gbọ́ ẹ̀rín. Ìyá Àdùkẹ́ ló dúró lójú ọ̀nà pẹ̀lú ìkòkò omi lórí, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ó lọgun, "Ẹ wá o! Tíṣà ti tẹ amọ̀! Tíṣà ti tẹ amọ̀!"

Wọ́n wá. Láti Òkè-Ìlá ni wọ́n ti ń sáré bọ̀, àwọn tó ń lọ oko sì ju ọkọ́ wọn sílẹ̀. Wọ́n bẹ́ lù mí nínú kòtò. Ẹnì kan fi amọ̀ kùn mí lójú, ó ní kí n kú ilé. Ní ọjọ́ náà, wọ́n mọ ìpele àkọ́kọ́. Òjò tí a ń bẹ̀rù yà sí ibòmíràn. Nígbà tí òjò gidi fi dé, a ti kan páànù, mo sì dúró sábẹ́ rẹ̀ tí mò ń gbọ́ ariwo rẹ̀, ariwo tó fẹ́ jọ ti òkun díẹ̀.

Mo kọ lẹ́tà mìíràn sí Abígẹ́lì. Mo ní kó sọ fún bàbá rẹ̀ pé ilé ti wà, pé kò tóbi, pé amọ̀ ni, àti pé bí ó bá fẹ́ pè é ní humble, kó pè é bẹ́ẹ̀.

*

Abígẹ́lì dé lẹ́yìn òjò, nínú lọ́rì, pẹ̀lú fìlà tí wọ́n fi ìyẹ́ ẹyẹ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, bàtà funfun, àti Ẹ́sítà tó sùn sí i léjìká. Bàbá rẹ̀ ti sọ fún un títí dé ẹnu ọkọ̀ pé bí kò bá fẹ́ràn ibẹ̀, kó padà. Ó sọ ọ́ fún mi kó tó sọ ohun mìíràn, kí n lè mọ̀.

N kò tíì jẹ́ kí wọ́n ṣe ilẹ̀ inú ilé. Ilẹ̀ inú ilé jẹ́ ti àwọn obìnrin, àwọn ló ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, tí wọ́n sì ń fi igi pẹlẹbẹ lù ú títí yóò fi dán. A dé ẹnu ilẹ̀kùn, wọ́n sì ti wà níbẹ̀, Ìyá Àdùkẹ́ níwájú wọn, igi lọ́wọ́ kálukú. Amọ̀ tútù ti wà nílẹ̀ nínú yàrá. Wọ́n kí i kú àbọ̀, wọ́n kí i kú ewu, wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n dúró.

Abígẹ́lì wo amọ̀, ó wo àwọn obìnrin náà. Ó sọ̀rọ̀ sí mi létí, "Ṣé mo ṣẹ̀ wọ́n ni? Kí ni wọ́n ń retí?"

Bàbá Ajíbádé wà lẹ́yìn wa. Mo gbọ́ bó ṣe wú ikọ́ tó sì yí ojú sí ibòmíràn, nítorí kò sí ẹni tí í sọ ọ́ fún àlejò. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe àlejò mọ́.

Mo ní, "Ìwọ ni."

Ó di èjìká mi mú, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bàtà rẹ̀.